Àṣìṣe Ọjọ́ Nínú Ìtàn Àròsọ

Ìtàn àròsọ ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀, ìyẹn ètò ọjọ́, oṣù àti ọdún tí ìṣẹ̀lẹ̀ inú rẹ̀ ń tọ̀, bí òǹkọ̀wé kò bá sì ṣọ́ ọ, ọjọ́ kan yóò ta ko èkejì. Àpẹẹrẹ tó gbajúmọ̀ wà nínú "The Red-Headed League", ìtàn Sherlock Holmes tí Arthur Conan Doyle tẹ̀ jáde ní ọdún 1891. Ìwé ìròyìn tí wọ́n fi polówó iṣẹ́ fún ọkùnrin onírun pupa inú ìtàn náà jẹ́ ti ọjọ́ 27 oṣù Kẹrin ọdún 1890, ìtàn náà sì sọ pé oṣù méjì péré ló ti kọjá. Síbẹ̀, ọjọ́ 9 oṣù Kẹwàá ló wà lára ìwé tó kéde pé iṣẹ́ ti parí, èyí tó ju oṣù márùn-ún lọ. Ọjọ́bọ̀ ni ọjọ́ náà bọ́ sí lọ́dún 1890, bẹ́ẹ̀ Sátidé ni Holmes pè é. Òǹkàwé tó bá fẹ́ rí irú àṣìṣe yìí ní láti kọ gbogbo ọjọ́ tí ìtàn dárúkọ sílẹ̀, kí ó sì ṣírò àlàfo àárín wọn, pàápàá níbi tí ẹ̀dá ìtàn bá ti sọ pé "lọ́sẹ̀ tó kọjá". Àṣìṣe yìí kò ba adùn ìtàn Doyle jẹ́, ṣùgbọ́n olótùú tó fara balẹ̀ ìbá ti rí i kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́.