"Ó Dú Jù" Tàbí "Kò Gba Ìmọ́lẹ̀ Tó"? Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Ẹ̀kọ́ Fọ́tò Yíyà

Ìfáárà

Ẹnikẹ́ni tí ó bá ti kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní fọ́tò yíyà yóò ti gbọ́ gbólóhùn kan ní àgbọ́túngbọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ ya ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó sì dúró níwájú ògiri funfun. Nígbà tí àwòrán jáde, aṣọ hàn, ògiri hàn, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí a yà di òkùnkùn. A kò rí ju eyín àti ẹyinjú lọ. Bí olùkọ́ bá béèrè ohun tí ó fa àṣìṣe náà, ìdáhùn tí yóò gbọ́ ni pé: "Ó dú jù." Kí ni ó dú jù? Ṣé àwòrán ni, tàbí ẹni tí a yà? Gbólóhùn náà kò sọ. Nínú àìsọ yìí ni ẹ̀bi ti kúrò lọ́rùn ayafọ́tò, tí ó sì bọ́ sí ọrùn ẹni tí ó dúró fún un.

Àwọn àgbà ní orúkọ ní í ro ọmọ. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ọ̀rọ̀ tí a bá yàn fún èrò kan nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ni yóò darí akẹ́kọ̀ọ́ sí ibi tí yóò ti wá àtúnṣe. Ẹni tí ó sọ pé "ó dú jù" kò ní ohun kan láti ṣe, nítorí kò lè pààrọ̀ awọ ara ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó sọ pé "kò gba ìmọ́lẹ̀ tó" ti mọ̀ pé ìmọ́lẹ̀ ni òun yóò fi kún un.

Èrò tí a ń wá orúkọ fún

Kí fọ́tò tó jẹ́ fọ́tò, ìmọ́lẹ̀ gbọ́dọ̀ bà lé nǹkan, kí ó ta padà láti ara rẹ̀, kí ó gba inú lẹ́ǹsì wọlé, kí ó sì bà lé fíìmù tàbí ojú agbàmọ́lẹ̀ tí ó rọ́pò fíìmù nínú kámẹ́rà òde òní. Àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí ó bà lé ibẹ̀, láti ìgbà tí ọ̀nà ṣí títí di ìgbà tí ó tì, ni àwọn ayafọ́tò ń pè ní ẹkisipóṣọ̀.

Orúkọ mẹ́ta ni ènìyàn lè tètè rò fún un. Èkíní ni "ìṣísílẹ̀". Ohun tí kámẹ́rà ṣe ni ọ̀rọ̀ yìí sọ, kò sọ iye tí fíìmù rí gbà. Bẹ́ẹ̀ iye ni ó ṣe pàtàkì jù. Èkejì ni "ìfihàn", ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́, ó sì tún dá wa padà sí ọ̀rọ̀ "hàn" àti "kò hàn" tí a ń sá fún. Èkẹta, èyí tí a fara mọ́, ni "ìgbàmọ́lẹ̀". A ṣẹ̀dá rẹ̀ láti inú "gba ìmọ́lẹ̀" gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá "ìgbàlejò" láti inú "gba àlejò".

Àǹfààní ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò yàgàn. A lè sọ pé fọ́tò kan gbàmọ́lẹ̀ tó, pé ó gbàmọ́lẹ̀ jù, tàbí pé kò gbàmọ́lẹ̀ tó. Láti ibẹ̀ ni a ti rí "àgbàjù" àti "àìgbàtó" fún àléébù méjèèjì. Ọ̀rọ̀-ìperí tí kò bá lè bí ọ̀rọ̀-ìṣe, tí a kò sì lè fi "tó" àti "jù" kún, yóò kú sínú ìwé ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kò ní í rí i lò nígbà tí kámẹ́rà bá wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ojú gẹ́gẹ́ bí àwòṣe

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ilé tí a óò wò fún àwọn ẹ̀yà kámẹ́rà kò jìnnà: ojú ènìyàn ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kọkànlá, Ibn al-Haytham, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a bí ní Basra, fi yé ni nínú ìwé rẹ̀, Kitab al-Manazir, pé ìmọ́lẹ̀ ní í ti ara nǹkan wá sínú ojú. Ojú kì í ta ìtànṣán jáde lọ bá nǹkan. Èyí ni pé gbígbà ni ojú ń gbà, bẹ́ẹ̀ náà ni kámẹ́rà.

Ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú lẹ́ǹsì, tí a lè mú fẹ̀ tàbí kí a mú un sún kì, ni a pè ní "ọmọlójú". Ìbòjú tí ó ń ṣí, tí ó sì ń padé, ni "ìpéǹpéjú". Kò sí ọmọdé Yorùbá tí kò mọ méjèèjì. Bí olùkọ́ bá ní kí ó wo bí ọmọlójú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń kéré nígbà tí a tan iná sí i, ó ti rí ìdajì ẹ̀kọ́ náà kí ó tó fọwọ́ kan kámẹ́rà.

Ibi tí ó máa ń dojú rú fún akẹ́kọ̀ọ́ ni nọ́ńbà ọmọlójú. Wọ́n tò wọ́n báyìí: 1.4, 2, 2.8, 4, 5.6, 8, 11, 16, 22. Èé ṣe tí 16 fi kéré ju 8 lọ? Ìdí ni pé ìpín ni nọ́ńbà yìí. Bí lẹ́ǹsì bá jẹ́ oní-mìlímítà 50, nọ́ńbà 2 túmọ̀ sí pé a pín 50 sí ọ̀nà méjì, ìbú ihò náà sì jẹ́ mìlímítà 25. Nọ́ńbà 4 fún wa ní mìlímítà 12.5. Iṣu tí a pín fún ènìyàn mẹ́rìndínlógún kò lè kan ẹnì kọ̀ọ̀kan tó èyí tí a pín fún ènìyàn mẹ́jọ. Láti nọ́ńbà kan sí èyí tí ó tẹ̀ lé e, ìmọ́lẹ̀ tí ó ń wọlé dín kù sí ìdajì. Ìlọ́po méjì tàbí ìdajì yìí ni a pè ní "ìpele" kan.

Ìpele kan náà ni ó wà nínú àkókò tí ìpéǹpéjú fi ṣí sílẹ̀: ìdá 60 ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìdá 125, ìdá 250. Nítorí náà, ọmọlójú 8 pẹ̀lú ìdá 125 àti ọmọlójú 5.6 pẹ̀lú ìdá 250 jẹ́ ìgbàmọ́lẹ̀ kan náà. Bí ẹni pọn omi sínú kèrègbè ni: bí ẹnu ẹ̀rọ omi bá fẹ̀, a óò tètè tì í, bí ó bá tín-ín-rín, a óò dúró pẹ́, kèrègbè ṣáà kún.

Ohun kẹta ni agbára fíìmù láti tètè gbà. Àwọn kan ti túmọ̀ rẹ̀ sí "ìyára fíìmù", ṣùgbọ́n fíìmù kì í sáré. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó gbọ́ "ìyára" yóò rò pé fíìmù oní-400 ni a fi ń ya ohun tí ń sáré nìkan. "Ìtètègbà" sàn jù, nítorí ó bá ìgbàmọ́lẹ̀ tan: oní-400 nílò ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí oní-100 nílò. A fara mọ́ ọn pé kí kámẹ́rà, lẹ́ǹsì, fíìmù àti fíláàṣì máa jẹ́ orúkọ wọn lọ. Orúkọ ohun èlò ni wọ́n, gbogbo ènìyàn sì ti mọ̀ wọ́n. Èrò tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi ronú ni a kò gbọdọ̀ yá.

Àyẹ̀wò mẹ́ta fún kíláàsì

Àyẹ̀wò kìíní dá lórí òṣùwọ̀n-ìmọ́lẹ̀. Ẹ̀rọ yìí kò mọ ohun tí ó ń wò. Wọ́n ṣe é bí ẹni pé gbogbo ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, tí kò funfun tí kò sì dúdú. Bí a bá kọ ojú rẹ̀ sí ògiri funfun, yóò sọ ògiri náà di eérú. Bí a bá kọ ojú rẹ̀ sí aṣọ dúdú, yóò sọ ọ́ di eérú bákan náà. Kí olùkọ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan dúró níwájú ògiri funfun ní ibòji, ní ọjọ́ tí oòrùn ràn. Bí ìtètègbà bá jẹ́ 100, tí ìpéǹpéjú sì jẹ́ ìdá 125, òṣùwọ̀n tí ó wo ògiri yóò dámọ̀ràn nǹkan bí ọmọlójú 11. Kí a wá gbé páálí aláwọ̀ eérú, irú èyí tí ń ta ìdá 18 nínú 100 ìmọ́lẹ̀ padà, sí ẹ̀gbẹ́ ojú akẹ́kọ̀ọ́ náà, kí a sì wo páálí nìkan. Òṣùwọ̀n yóò sọ nǹkan bí 5.6. Ìpele méjì ni ó wà láàárín wọn: ojú tí a yà ní 11 gba ìdá mẹ́rin péré nínú ìmọ́lẹ̀ tí ó yẹ kí ó gbà. Kí a ya méjèèjì, kí a sì gbé wọn síra. Kò sí àlàyé tí ó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí ó ń fi fóònù ya àwòrán náà lè rí i: bí ó bá tẹ ìka sí ojú ẹni tí ó ń yà dípò ògiri, àwòrán yóò mọ́lẹ̀ sí i.

Àyẹ̀wò kejì dá lórí ìjìnnà. Kí a tan gílóòbù kan ní yàrá tí ó ṣókùnkùn. Ohun tí ó wà ní mítà méjì sí gílóòbù gba ìdá mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ tí ohun tí ó wà ní mítà kan ń gbà. Èyí tí ó wà ní mítà mẹ́rin gba ìdá mẹ́rìndínlógún. Nítorí náà, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kúrò lára ògiri, tí ó sún mọ́ iná, ògiri funfun kan náà yóò di eérú nínú àwòrán, ojú ènìyàn yóò sì yọ. A kò kun ògiri.

Àyẹ̀wò kẹta dá lórí ìrísí ìmọ́lẹ̀. Oòrùn ọ̀sán gangan ń ti òkè wá. Ó ń fi òjìji bo ihò ojú, ó sì ń mú iwájú orí kọ yẹ̀rì. Kí a mú ẹni tí a ń yà wá sí ẹnu ọ̀nà tàbí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, kí ìmọ́lẹ̀ bà á láti ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ̀gbẹ́ kejì bá ṣókùnkùn jù, kí ẹnì kan na aṣọ funfun síbẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ni a pè ní "olórí ìmọ́lẹ̀". Èyí tí aṣọ ta padà ni "ìmọ́lẹ̀ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́".

Adúmáadán

Àwọn baba wa ti ní ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ nínú ìhun rẹ̀ ohun tí ó yẹ kí ayafọ́tò mọ̀. Wọ́n ń yin ènìyàn ní "adúmáadán", ẹni tí ó dú tí ó sì ń dán. Ìṣesí ìmọ́lẹ̀ méjì ni ó wà níbẹ̀. Awọ tí ó dú gbé púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ mì. Ṣùgbọ́n ojú awọ náà ń dán, ó sì ń ta ìmọ́lẹ̀ padà bí dígí. Bí ìmọ́lẹ̀ bá kéré tí ó sì le, bíi ti fíláàṣì tí a kọ sí ènìyàn níwájú, dídán yìí yóò di àpá funfun. Bí ó bá fẹ̀, bíi ti fèrèsé, yóò tàn kálẹ̀, yóò sì fi bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti imú ti rí hàn. Ẹni tí ó bá wo àwọn àwòrán irun dídì tí J. D. 'Okhai Ojeikere bẹ̀rẹ̀ sí í yà ní Nàìjíríà ní ọdún 1968 yóò rí i pé irun dúdú lórí ọrùn dúdú kò sọnù.

Àìmọ èyí kò mọ sí kíláàsì. Lorna Roth, onímọ̀ kan ní Kánádà, ṣàlàyé ní ọdún 2009 bí ilé-iṣẹ́ Kodak ti ń fi káàdì ránṣẹ́ sí àwọn ilé tí wọ́n ti ń fọ fọ́tò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àwòrán obìnrin aláwọ̀ funfun ni ó wà lórí káàdì náà, Shirley ni wọ́n sì ń pè é. Awọ ara rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ gbogbo ènìyàn. Lára àwọn tí ó mú kí a tún fíìmù ṣe ni àwọn tí ń ṣe àga àti ṣokoléètì, tí wọ́n ráhùn pé ọjà àwọn kò jáde dáadáa nínú fọ́tò. Ní àwọn ọdún 1990 ni káàdì tí obìnrin aláwọ̀ oríṣiríṣi wà lórí rẹ̀ tó dé. Ní gbogbo ìgbà náà, mélòó ni ẹni tí a sọ fún pé òun ni ó dú jù?

Ohun tí a ti mọ̀ rí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé àlejò ni ìmọ̀ yìí láàárín wa. Ní ọdún 1978, Stephen Sprague, ará Amẹ́ríkà, kọ̀wé nípa àwọn ayafọ́tò Yorùbá, pàápàá ní Ìlá Ọ̀ràngún. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá ti fi ayé sílẹ̀ kí a tó ya wọ́n pọ̀, ayafọ́tò a ya èyí tí ó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan ṣoṣo, kí àwọn méjèèjì lè jókòó pọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ akọ àti abo, a ya ọmọ náà nínú aṣọ ọkùnrin, a sì tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Ẹ wo iṣẹ́ tí ó wà nínú èyí: ó ní láti bo apá kan bébà nígbà tí apá kejì ń gbàmọ́lẹ̀, kí ìgbàmọ́lẹ̀ méjèèjì sì dọ́gba. Bí ọ̀kan bá gbà ju èkejì lọ, ìlà yóò hàn láàárín àwọn ọmọ náà, ìyá yóò sì rí i. Ẹni tí ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ ìgbàmọ́lẹ̀ dájú. Ọ̀rọ̀ tí a óò fi kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọmọ ilé-ìwé ni ó kù.

Ìkádìí

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbé ka iwájú ẹ̀yin olùkọ́ àti atúmọ̀-èdè nìyí:

Ìgbàmọ́lẹ̀: àpapọ̀ ìmọ́lẹ̀ tí fíìmù tàbí ojú agbàmọ́lẹ̀ gbà.
Àgbàjù, àìgbàtó: àléébù ìgbàmọ́lẹ̀ tí ó pọ̀ jù tàbí tí kò tó.
Ọmọlójú: ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá nínú lẹ́ǹsì.
Ìpéǹpéjú: ìbòjú tí ń díwọ̀n àkókò.
Ìtètègbà: bí fíìmù ti ń tètè gba ìmọ́lẹ̀ sí.
Ìpele: ìlọ́po méjì tàbí ìdajì ìmọ́lẹ̀.
Òṣùwọ̀n-ìmọ́lẹ̀: ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìmọ́lẹ̀.

Ìwádìí Ọlọ́dún Mẹ́fà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní ọdún 1970 ti fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò rẹ̀yìn sí ẹnì kankan. Ohun tí ó kù fún wa ni láti rí i pé àwọn ọ̀rọ̀ tí a fún un kò ṣì í lọ́nà. Bí ẹ bá rí ọ̀rọ̀ tí ó dára ju ìwọ̀nyí lọ, ẹ fi wọ́n rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn tí akẹ́kọ̀ọ́ bá mú àwòrán wá tí ó sọ pé "ó dú jù", ẹ dá fọ́tò náà padà fún un, kí ẹ sì bi í léèrè pé: ìpele mélòó ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ fi dín?