Ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ fún àwọn ọmọ akàndá ní Èkó

Ẹ̀kọ́ àjùmọ̀kọ́ ni kí ọmọ tí ó ní ìpèníjà ara tàbí ti ọpọlọ máa kẹ́kọ̀ọ́ nínú ilé-ẹ̀kọ́ kan náà pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, kí olùkọ́ tí ó mọ̀ nípa ìpèníjà rẹ̀ sì máa ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ Mẹ́tọ́díìsì tí ó wà ní Olówógbowó, ní Erékùṣù Èkó, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba tí ó ní ẹ̀ka fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Abirùn ni ọ̀rọ̀ tí àwọn àgbà ń lò fún wọn, ṣùgbọ́n àrùn tí ó fara hàn nínú rẹ̀ mú kí ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé òde òní yan akàndá.

Ìtàn àti òfin

Ilé-ẹ̀kọ́ tí a yà sọ́tọ̀ ni ó ṣáájú. Ní 1960, Andrew Foster, adití aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà, dá ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití sílẹ̀ ní Ìbàdàn. Ní 1962, ilé-ẹ̀kọ́ Pacelli fún àwọn afọ́jú bẹ̀rẹ̀ ní Sùúrùlérè. Láti Pacelli, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti mọ ìwé Braille kà, ni àwọn ọmọ kan ti ń lọ sí King's College ní Erékùṣù Èkó àti Queen's College ní Yábàá, tí wọ́n ń jókòó ti àwọn tí ó ríran.

Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe òfin lórí ẹ̀tọ́ àwọn akàndá ní 2011. Òfin náà ni ó bí àjọ LASODA. Òfin àpapọ̀ tí Ààrẹ Muhammadu Buhari fọwọ́ sí ní oṣù Kìn-ín-ní 2019 pàṣẹ pé kí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gba akàndá, kí wọ́n sì ní ohun èlò àti, ó kéré tán, òṣìṣẹ́ kan tí ó kọ́ bí a ti ń bójú tó wọn.

Nínú kíláàsì

Kí a kọ orúkọ ọmọ sínú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kò tó. Ọmọ adití tí ń wo ètè olùkọ́ ń pàdánù gbólóhùn nígbà tí olùkọ́ bá kọjú sí pátákó. Ohun tí olùkọ́ kọ láìkà á síta kò dé ọ̀dọ̀ afọ́jú rárá. Ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kò tètè gba nǹkan ń fẹ́ kí a gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́, kí a sì tún un ṣe léraléra, èyí tí ó ṣòro fún olùkọ́ kan ṣoṣo níwájú ọ̀pọ̀ ọmọ. Federal College of Education (Special) ní Ọ̀yọ́, tí a dá sílẹ̀ ní 1977, wà lára ibi tí a ti ń kọ́ àwọn olùkọ́ fún iṣẹ́ yìí.

Èdè tún ní ìṣòro tirẹ̀. Èdè ọwọ́ tí a fi ń kọ́ àwọn adití ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ Nàìjíríà wá láti inú ti Amẹ́ríkà, nípasẹ̀ Foster àti àwọn tí ó kọ́. Ọ̀pọ̀ òbí tí ń sọ Yorùbá kò mọ̀ ọ́n, débi pé ọmọ lè fi ọwọ́ sọ̀rọ̀ láti àárọ̀ di ọ̀sán ní ilé-ẹ̀kọ́, kí ó sì dé ilé láìrí ẹni bá sọ ọ́.