Kí ẹni tó ń bọ Ògún ó wọ ìbòjú

Lọ́tẹ̀ yìí, mi ò mú ọ̀rọ̀ ọdún tàbí ètò ìpàdé wá. Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni, iṣẹ́ jórin-jórin, nítorí ohun tí ojú mi rí nínú ilé mi. Ojú mi gan-an ni mo wí o, ẹ ó gbọ́ ọ níwájú.

Àwa tí à ń gbé Agége mọ̀ pé ìlú irin ni ibí. Àwọn àgbà sọ pé ọ̀dọ̀ àwọn agégi ni ìlú ti gba orúkọ rẹ̀, àwọn tó ń fi àáké ṣiṣẹ́ nínú igbó. Àáké, irin ni. Nígbà tí òyìnbó bẹ̀rẹ̀ ojú irin ní 1896, tí wọ́n ń gbé e láti Ìddó lọ sí Ìbàdàn, Agége ló gbà kọjá. Nígbà tó yá, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lànà àgbègbè iléeṣẹ́ sí Ìkẹjà. Guinness bẹ̀rẹ̀ sí í pọn ọtí níbẹ̀ ní 1962, Dunlop ń ṣe táyà. Nígbà tí èmi jáde sẹ́kọ́ńdírì, ẹni tó bá ní ìwé díẹ̀ lọ́wọ́ á lọ dúró lẹ́nu géètì ní òpópónà Ọba Akran láàárọ̀, bó pẹ́ bó yá, wọ́n á mú un. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Dunlop dá táyà ṣíṣe dúró ní 2008, ọ̀pọ̀ ọgbà tí ẹ̀rọ ti ń ké tẹ́lẹ̀ sì ti di ibi ìkẹ́rùsí àti ilé ìjọsìn.

Àbíkẹ́yìn mi ṣe lébìrà ní iléeṣẹ́ kan fún ọdún méjì, iṣẹ́ alẹ́. Lọ́jọ́ kan wọ́n ní kí gbogbo wọn máa lọ sílé. Ó kó owó tó ṣẹ́kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ra ẹ̀rọ ìjórin kékeré, irú èyí tí èèyàn lè fi ọwọ́ kan gbé bí àpò. Mo bi í pé, "Ta ló kọ́ ọ?" Ó ní, "Bàámi, mò ń wò ó lórí fóònù." Inú bí mi. Ṣùgbọ́n mo rántí pé ilẹ̀kùn irin ojúbọ Ògún nínú ọgbà wa ti já níbi íńjì, jórin-jórin tó gba àsansílẹ̀ lọ́wọ́ mi kò sì padà wá. Mo ní, "Ó dáa, jẹ́ n wò ó."

BÍ IṢẸ́ NÁÀ ṢE RÍ

Okùn méjì ló jáde lára ẹ̀rọ náà. Ọ̀kan ní ẹnu tó ń gé nǹkan mọ́lẹ̀, òun ni wọ́n ń pè ní earth. Ara irin tí wọ́n fẹ́ jó ni wọ́n ń fi kọ́. Èkejì ló ń di ẹlẹ́tíróòdù mú. Tí wọ́n bá ti ha ẹlẹ́tíróòdù mọ́ irin bí ẹni ṣá ìṣáná, tí wọ́n sì gbé e sókè díẹ̀, iná á fò láàárín wọn. Irin kì í yọ́ àfi tí ooru bá tó nǹkan bíi ìwọ̀n 1,500 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́síọ́ọ̀sì. Ooru iná yẹn ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ẹnu irin méjèèjì á yọ́, ẹlẹ́tíróòdù náà á yọ́ sí i, wọ́n á di ọ̀kan.

Ohun tó wù mí jù ni aṣọ tó wà lára ẹlẹ́tíróòdù. Ọmọ ilẹ̀ Sweden kan, Oscar Kjellberg, ló gbé ọgbọ́n aṣọ yẹn jáde níbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá. Bí aṣọ náà ṣe ń jó, èéfín rẹ̀ ń lé afẹ́fẹ́ sẹ́yìn kó má ba irin yíyọ́ jẹ́. Ìyókù á le lórí ojú ìjórin bí èèpo. Hámà ni wọ́n fi ń gbá a kúrò. Nígbà tí mo rí èèpo yẹn, mo rẹ́rìn-ín. Ìdàrọ́ ni! Ìdàrọ́ tí àwọn baba wa ń kó nídìí iná ìléru, tí a ṣì ń rí lójúbọ Ògún títí dòní.

Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ, géèjì 12 ni kó fi bẹ̀rẹ̀, èyí tó jẹ́ mìlímítà 2.5. Kó fi ẹ̀rọ sí àárín ámpù 60 sí 90. Tí iná bá kéré jù, ẹlẹ́tíróòdù á máa lẹ̀ mọ́ irin, ojú ìjórin á kàn jókòó sórí láìwọlé. Tó bá pọ̀ jù, irin tín-ínrín á lu. Kó ha ìpẹtà àti ọ̀dà kúrò kó tó bẹ̀rẹ̀. Àlàfo tó wà láàárín ẹlẹ́tíróòdù àti irin kò gbọdọ̀ ju bí ẹlẹ́tíróòdù fúnra rẹ̀ ṣe nípọn lọ. Kó dẹ̀ ẹ́ díẹ̀, kó máa fà á bọ̀ lọ́dọ̀ ara rẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Etí náà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀: tó bá dáa, á máa dún bí àkàrà tó ń dín nínú epo. Kò gbọdọ̀ yára so irin méjì pọ̀. Kó kọ́kọ́ máa fa ìlà lórí àjákù irin títí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n. Tí iná NEPA bá sì rẹlẹ̀, kó má pariwo mọ́ ẹ̀rọ. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ilé ò sì lè gbé e.

OHUN TÓ ṢE MÍ

Ní ọjọ́ kẹta, nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, ọmọ mi ń fa ìlà. Ìbòjú kan ṣoṣo ló wà, òun ló wọ̀ ọ́. Ó ní, "Bàámi, ẹ má wò ó o, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i." Mo ti fi obì àti ẹmu bọ Ògún láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo ní nínú ara mi pé bàbá mi bọ Ògún, bàbá tó bí i bọ Ògún, kí ni mo fẹ́ fi gíláàsì dúdú ṣe? Mo dúró, mo ń wò ó. Kò dùn mí rárá. Mo jẹun, mo sùn.

Nǹkan bí aago kan òru ni mo jí. Ó dà bí ẹni pé wọ́n lọ ata pọ̀ mọ́ yanrìn, tí wọ́n rọ ọ́ sí mi lójú. Omi ń dà, ojú ò ṣeé là. Mo rò pé mo ti fọ́ nìyẹn. Ìyá àwọn ọmọ ló fà mí lọ́wọ́ dé ilé ìwòsàn nígbà tí ilẹ̀ mọ́. Dókítà ní ìmọ́lẹ̀ iná náà ti jó awọ ojú mi, bí oòrùn ṣe ń jó awọ ara, àti pé ẹ̀yìn wákàtí mélòó kan ni ìrora rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó fún mi ní oògùn ojú. Ọjọ́ méjì ni mo fi jókòó sínú òkùnkùn, èmi tí mò ń fún àwọn ẹlòmíràn lóògùn.

Inú òkùnkùn yẹn ni mo ti ronú. Alágbẹ̀dẹ tó ń bọ Ògún láràárọ̀, ṣé ó ń fi ọwọ́ lásán mú irin gbígbóná? Ẹmú ló fi ń mú un. Ṣé àìnígbàgbọ́ ni ẹmú? Ògún kan náà ló kọ́ wa ní irin, òun náà ló kọ́ wa ní ẹmú. Ìbòjú ni ẹmú tiwa. Ẹbọ ò ní ká má wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ní òun ò nílò rẹ̀ torí pé òun ń bọ Ògún, irú ẹni bẹ́ẹ̀ ń dán Ògún wò ni.

Kò pẹ́ sígbà yẹn, ọkùnrin kan gbé dúrọ́ọ̀mù wá, ó ní ká bá òun dí ihò rẹ̀. Bẹntiróòlù ló wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó ní òun á san ìlọ́po méjì, owó sì wọ́n wa nílé lọ́sẹ̀ yẹn. Ọmọ mi ti ń mú ẹlẹ́tíróòdù. Mo ní, "Gbé e sílẹ̀." Ó ní, "Bàámi, òfìfo ni." Mo ní èéfín bẹntiróòlù tí a ò rí wà nínú òfìfo yẹn, ìtàpára iná kan péré, ó di bọ́ǹbù. Ó bínú, kò bá mi sọ̀rọ̀ di alẹ́. Mo fara mọ́ ìyẹn ju kí n máa ṣa ẹran ara ọmọ mi jọ lọ.

Lọ́jọ́ kejì mo mú un lọ bá ọ̀gá kan lẹ́bàá Agége Motor Road, pẹ̀lú obì àti ọtí, ká lè gbà á sí iṣẹ́. Ọ̀gá náà bi í ní ọ̀rọ̀ dúrọ́ọ̀mù, òun náà ní èèwọ̀ ni. Ìgbà yẹn ni ọmọ mi tó wò mí lójú. Fóònù lè fi bí wọ́n ṣe ń ṣe é han ọmọ, ọ̀gá ló máa ń sọ ohun tí kò gbọdọ̀ ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ ilé ẹ̀kọ́, ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba wà ní Agídíngbì, ní Ìkẹjà níbí. Lẹ́yìn fíríídọ̀mù, ọmọ lè ṣe Trade Test, kó ní ìwé tó lè fi wáṣẹ́.

ÈÈWỌ̀ IṢẸ́ IRIN

Ẹ gé ibí yìí, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri.

1. A kì í wo iná láìwọ ìbòjú. Gíláàsì oòrùn kì í ṣe ìbòjú. Kí àwọn ọmọdé kúrò nítòsí.
2. A kì í jó irin lẹ́sẹ̀ lásán tàbí lórí ilẹ̀ tútù. Ìbọ̀wọ́ awọ àti bàtà gbígbẹ ni.
3. A kì í jó dúrọ́ọ̀mù tàbí táǹkì tó ti gba epo rí.
4. A kì í jó páìpù onísíńkì nínú yàrá tí a tì pa. Èéfín rẹ̀ ń fa ibà.
5. A kì í gbá ìdàrọ́ láìbo ojú.
6. A kì í jórin nítòsí aṣọ, fóòmù tàbí gáàsì. Kí omi tàbí yanrìn wà nítòsí.

Ilẹ̀kùn ojúbọ ti dúró báyìí. Ọmọ mi ló jó íńjì rẹ̀, ọ̀gá rẹ̀ sì wá wò ó. Èmi náà wọ ìbòjú, mo fa ìlà kan sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ó rí bí ìgbẹ́ ewúrẹ́. Ọmọ mi fẹ́ fi gíráńdà fá a kúrò, mo ní kó fi í sílẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí.

Irin ò ní bá wa jà. Ògún ò ní fi ẹ̀jẹ̀ wa wẹ̀. Ojú tí a fi ń wo ọmọ kò ní fọ́. Àṣẹ o.