Owó Mọ́tò Kì í Ṣe Owó Orin

Ká ní ẹ jẹ́ olórin tó ń kọ orin fúnra rẹ̀ nílùú Ìbàdàn yìí, gbólóhùn kan wà tí ẹ ó ti gbọ́ títí tí yóò fi sú yín: “Ẹ ṣáà máa bọ̀, a máa fún yín lówó mọ́tò.” Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí ti sanwó gbọ̀ngàn. Ó ti sanwó àga àti kánópì, ó ti sanwó oúnjẹ, ó ti sanwó ẹni tó máa ya fọ́tò. Tó bá wá kan olórin, owó ọkọ̀ ló kù. Bíi pé ojú ọ̀nà ni wọ́n fẹ́ rà, kì í ṣe orin.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ò mọ bí orin ṣe ń di orin ni. A rò pé ó kàn ń sọ sí olórin lọ́kàn ni, tí yóò sì la ẹnu. Òótọ́ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan lè sọ sí èèyàn lọ́kàn nínú Micra láàárín Agbowó sí Dùgbẹ̀, kó yára gbé fóònù jáde, kó kùn ún sínú rẹ̀ kó má baà gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ lorin. Ó ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí yóò fi máa wá ẹsẹ kejì, tí yóò máa pààrọ̀ ègbè, tí yóò máa ju ìlà mẹ́wàá nù kí ọ̀kan tó dúró.

Ti Yorùbá tún yàtọ̀, torí èdè wa fúnra rẹ̀ ti ní orin nínú. Ẹ wo ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀. Bí akọrin bá fẹ́ sọ pé “ọkọ̀ mi dé”, àmọ́ tí ohùn gìtá fà á sókè níbi tó yẹ kó ti lọ sílẹ̀, ohun tí olùgbọ́ máa gbọ́ ni pé ọkọ́ ló dé, ọkọ́ tí a fi ń roko! Nítorí náà, kò kàn lè mú ohùn tó wù ú kó sì to ọ̀rọ̀ lé e. Àfi kó wá ọ̀rọ̀ mìíràn, tàbí kó yí ohùn náà padà, títí méjèèjì yóò fi bára wọn mu. Iṣẹ́ nìyẹn, ojú kì í sì í rí i.

Ìgbà tí orin bá wá parí ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀. Òde tó ń sanwó gidi kò pọ̀ níbí, Èkó ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ wà. Olórin, onígìtá àti onígángan á pàdé ní Challenge láàárọ̀, wọ́n á kó ohun èlò sínú bọ́ọ̀sì, ó di márosẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n dé ní aago mẹ́rin kí wọ́n lè yẹ ẹ̀rọ ohùn wò. Aago mẹ́sàn-án ni wọ́n tó pè wọ́n sórí ìtàgé, ogún ìṣẹ́jú péré ni wọ́n sì fún wọn. Tó bá parí, yálà kí wọ́n sùn sórí àga nílé ọ̀rẹ́, tàbí kí wọ́n fi òru rìn padà lójú ọ̀nà tí gbogbo wa mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀nà òru. Kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, lítà kan ò tó N200. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti lé ní ìlọ́po méjì. Ẹ bi àwọn olórin bóyá “owó mọ́tò” náà lọ sókè bẹ́ẹ̀.

Ìyà yìí kì í ṣe tuntun. Kí orúkọ olóògbé I.K. Dairo tó tàn, ó kiri aṣọ tà. Ní Ìbàdàn níbí ló ti bá Daniel Ojoge ṣeré, kó tó dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní 1957. Lóde òní, ẹ wo Ṣẹ́gun Akínlolú tí a mọ̀ sí Beautiful Nubia. Dókítà ẹranko ni, Yunifásítì Ìbàdàn ló ti kàwé. Àwo rẹ̀ àkọ́kọ́, Seven Lives, jáde ní 1997. Òun ló ń kọ orin rẹ̀, ní Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dá ilé iṣẹ́ EniObanke sílẹ̀ kó lè máa gbé e jáde fúnra rẹ̀. Ọdún pọ̀ tó ti ń lọ tó ń bọ̀ láàárín Kánádà àti Nàìjíríà. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá ni orin rẹ̀ ló lè fara da ọ̀nà.

Ibi tí mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin olórin ọ̀dọ́ tẹ́tí rèé, torí ẹ̀kọ́ òfin ni mo kà. Lábẹ́ òfin kópíráìtì ti ọdún 2022, tí ààrẹ bu ọwọ́ lù ní oṣù Kẹta ọdún 2023, ìgbà tí ẹ bá ti gba orin yín sílẹ̀ níbi tí a ti lè gbọ́ ọ padà, ó ti di tiyín. Ohùn tí ẹ kùn sínú fóònù yẹn tó. Kò dìgbà tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ níbì kankan. Tiyín ni títí ayé yín, àti fún ọdún 70 lẹ́yìn ikú yín. Orin tí ẹ kọ sì yàtọ̀ sí èyí tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní sítúdíò: ẹni tó sanwó sítúdíò lè ni ìkejì, ìyẹn ò sọ ọ́ di ẹni tó ni àkọ́kọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹnikẹ́ni ò lè fi ọ̀rọ̀ ẹnu lásán gbà á lọ. Àfi nínú ìwé.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ìwé kéré, kó wo King Sunny Adé. Láti 1997 ni ẹjọ́ tí wọ́n pè lórí àwọn orin wọn àtijọ́ ti wà ní kóòtù. Ọdún 2020 ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó tó ní kí wọ́n san N500 mílíọ̀nù fún wọn. Ọdún 23! King nìyẹn o, tó lágbára lọ́yà. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ní Agbowó ńkọ́?

Mo gbọ́ ti àwọn tó ń gbé eré kalẹ̀ náà. Wọ́n á ní ibi kékeré ni tàwọn ní Bódìjà, jẹnẹrétọ̀ ń mu dísù bí omi, èèyàn ò fẹ́ sanwó ẹnu ọ̀nà. Irọ́ kọ́. Ṣùgbọ́n bí owó ò bá sí, ẹ jẹ́ kí olórin mọ iye tó wọlé, kí ẹ jọ pín in. Bí owó bá wà, ẹ ya owó ọkọ̀ sọ́tọ̀, ẹ ya ibi ìsùn sọ́tọ̀, ẹ ya owó orin sọ́tọ̀, kí ẹ sì san ìdajì kí bọ́ọ̀sì tó gbéra. Ẹ fẹnu kò lórí ẹni tó lè gba fídíò sílẹ̀ àti ibi tó máa gbé e sí. Ó kéré tán, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sórí WhatsApp.

Àwa olùgbọ́ náà ò mọ́ níbẹ̀. Àwa tí à ń ra ṣáwámà àti ọtí láìwẹ̀yìn, àwa náà là ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ ká wọlé lọ́fẹ̀ẹ́ torí a mọ olórin.

Ẹ lọ sí ọjà Bódìjà lọ́la. Ẹ sọ fún ìyá oníṣu pé kí wọ́n gba owó lọ́rì tó gbé iṣu wá láti oko, kí wọ́n sì fún yín ní iṣu lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tí wọ́n bá fi dá yín lóhùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi.