Linux Ò Jáde Mọ́ Lórí Kọ̀ǹpútà Yín? Ẹ Má Tíì Jẹ́ Kí Wọ́n Fọ́ọ̀mátì Ẹ̀

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa tí ẹ ń lo Windows àti Linux pọ̀ lórí kọ̀ǹpútà kan, tí Windows bá ṣe update tán, nígbà míràn òun nìkan ni yóò máa jáde. Fáìlì yín ò sọnù o! Windows ló gba iwájú GRUB, ètò kékeré tó máa ń béèrè èyí tí ẹ fẹ́ ṣí.

Ẹ wọ BIOS, F2 tàbí Del ni lọ́pọ̀ ìgbà, kí ẹ gbé Ubuntu ṣáájú Windows Boot Manager. Ó lè parí síbẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi fúláàṣì Ubuntu tan kọ̀ǹpútà, ẹ gba Boot-Repair láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ tẹ “Recommended repair”. “Try Ubuntu” ni kí ẹ yàn lórí fúláàṣì náà, kì í ṣe “Install”. Ìdí “Install” yẹn gan-an ni fáìlì ti máa ń lọ.