Ẹ Jẹ́ Ká Ka Igi Alábàtà Ká Tó Gbin Òmíràn

Òjò àkọ́rọ̀ kì í dá wá. Ìjì ló máa ń ṣáájú rẹ̀. Igi á wó lu òrùlé tàbí wáyà iná, ariwo á sì ta pé kí wọ́n gé gbogbo igi tó wà lójú títì. Kò ní pẹ́, àwọn èèyàn ńlá á tún wọ agbádá wá gbin òmíràn, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á lọ. (Èkó tiẹ̀ ti ya ọjọ́ 14 oṣù Keje sọ́tọ̀ fún un.) Èmi ò bá ẹni tó ń gbin igi jà. Ohun tí mò ń wí ni pé ẹni tí kò mọ iye igi tó ní, irú wọn àti bí ara wọn ṣe rí, ó ń gé ní ìméfò ni, ó sì ń gbìn ní ìméfò.

Iṣẹ́ náà kò le. Ẹni méjì tó mú tépù aránṣọ dání ti tó. Wọ́n á wọn mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 30 láti ilẹ̀ sókè, bí ọ̀gangan àyà àgbàlagbà, wọ́n á sì yí tépù ká ìtì igi níbẹ̀. Bó bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 188, tí wọ́n fi 3.14 pín in, ìbú igi náà á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 60. Fóònù á sọ ibi tó wà. Ìyá arúgbó tó ń tajà lábẹ́ rẹ̀ á sọ orúkọ rẹ̀. Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo ìdí rẹ̀. Olú tó hù ní ìdí dóńgóyárò lè jẹ́ àmì pé gbòǹgbò ti ń jẹrà, bí ewé òkè tilẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Irú igi bẹ́ẹ̀ ló yẹ ká tètè yẹ̀ wò kí ìjì tó dé, kì í ṣe máńgòrò tó dúró gírí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní iṣẹ́ òyìnbó nìyí. Lóòótọ́, Níú Yọ́ọ̀kì ti ka igi ojú títì rẹ̀ lọ́dún 1995, 2005 àti 2015. Lọ́dún 2015 yẹn, aráàlú tó lé ní 2,200 ló yọ̀ǹda ara wọn, igi 666,134 ni ìlú náà sì kà lápapọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn onímọ̀ ewéko ní Yunifásítì Èkó náà ti to orúkọ igi ọgbà wọn ní Akọkà sínú ìwé. Alábàtà, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá, ní ju bẹ́ẹ̀ lọ: FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ lọ́dún 1988, wà níbẹ̀, ó sì ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni nípa igbó. Ìwé orúkọ igi wúlò ju ẹwà lọ. Ní nǹkan bí ọdún 1990, kòkòrò kan ya bo dóńgóyárò ní agbègbè Adágún Ṣáàdì, ó sì sọ ọ̀pọ̀ wọn di gbígbẹ. Àdúgbò tó bá jẹ́ irú igi kan ṣoṣo ló kún ibẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni irú kòkòrò bẹ́ẹ̀ á sọ ọ́ di aṣálẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìbẹ̀rù. Àwọn onílẹ̀ á ní bí wọ́n bá ka igi tán, owó orí tàbí gbígba ilẹ̀ ló kù. Ìbẹ̀rù náà kì í ṣe lásán, ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ̀dà ìwé náà wà lọ́wọ́ baálẹ̀, kó má jẹ́ ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá nìkan ló máa wà. Ṣùgbọ́n Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 ní kí ìjọba tó bá gba ilẹ̀ sanwó ohun ọ̀gbìn tó wà lórí rẹ̀. Nígbà tí katakata bá dé láti fẹ ọ̀nà, àgbọn tàbí ọsàn iwájú ilé yín tí kò sí lákọsílẹ̀, kí lẹ ó fi jà fún un?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò, ẹ pe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka igbó ní FUNAAB. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì yunifásítì lọ sọ́nà Kámpù, kí òjò àkọ́rọ̀ tó ń bọ̀ tó dé.