Ṣé Gbígbá Áàpù Dànù Ń Mú Kí Fóònù Yára?

Ẹ kíyè sí àwọn èèyàn nígbà tí wọ́n bá jókòó sínú ọkọ̀, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń dúró kí ó kàn wọ́n ní báńkì. Kí wọ́n tó fi fóònù sápò, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ojú ibi tí àwọn áàpù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lò tò sí, wọ́n á sì máa fi àtàǹpàkò gbá wọn sókè lọ́kọ̀ọ̀kan. WhatsApp á lọ, Facebook á lọ, áàpù báńkì á lọ, títí ojú fóònù yóò fi mọ́ bí àgbàlá tí wọ́n gbá ní òwúrọ̀ ọjọ́ ọdún. Ìgbàgbọ́ tó wà nídìí rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀. Wọ́n ní àwọn áàpù náà ń ṣiṣẹ́ lábẹ́lẹ̀, pé wọ́n ń jẹ bátìrì, pé wọ́n sì ń mú kí fóònù wúwo. Nílùú tí a kì í ti í mọ ìgbà tí iná ọba yóò dé, ta ni yóò fẹ́ fi bátìrì ṣòfò?

Mo wádìí ọ̀rọ̀ yìí nítorí pé ó ti di ohun tí a ń jiyàn lé lórí nínú ẹbí wa. Ohun tí mo rí ni pé àṣà náà kì í ran fóònù òde òní lọ́wọ́, ìpalára ló sì ń ṣe fún un lọ́pọ̀ ìgbà. Ó ń mú kí ó lọ́ra díẹ̀, ó ń mú kí bátìrì tètè lọ díẹ̀, nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ó ń dí iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ ra fóònù lọ́wọ́.

Kò yẹ kí a fi àwọn tó ń ṣe é ṣe yẹ̀yẹ́ o. Ìgbà kan wà tí ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lo Nokia 6600 tó jáde ní 2003, tàbí N70 tó jáde ní 2005, yóò rántí. Ètò tí wọ́n ń pè ní Symbian ló ń darí wọn. Bí ẹ bá ṣí nǹkan lórí wọn, tí ẹ sì bọ́ sí òmíràn láìpa ti àkọ́kọ́ dé, iṣẹ́ ni yóò ṣì máa ṣe lọ. Bó bá yá, fóònù á kọ ọ́ síwájú yín pé àyè òun ti kún, kí ẹ pa àwọn kan dé kí ẹ tó tún gbìyànjú. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ní N70 nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo rántí bí ó ṣe máa ń tẹ bọ́tìnnì kan mọ́lẹ̀ títí orúkọ àwọn ohun tó ń ṣiṣẹ́ yóò fi jáde, tí yóò sì pa wọ́n dé lọ́kọ̀ọ̀kan kí ó tó gbọ́ orin. Nígbà tí Android sì kọ́kọ́ dé, àwọn kan ṣe áàpù tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó máa pa áàpù mìíràn lọ. Ìmọ̀ náà kọjá láti ọwọ́ ẹ̀gbọ́n sí ọwọ́ àbúrò, láti ọwọ́ ọmọ sí ọwọ́ òbí. Ẹ̀rọ tí wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ọ ti lọ, ìmọ̀ náà kò tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ kí n fi ṣọ́ọ̀bù télọ̀ ṣàlàyé bí ti òde òní ṣe rí. Télọ̀ ní tábìlì kan níwájú, ó sì ní kọ́bọ́ọ̀dù ńlá kan lẹ́yìn. Tábìlì yẹn ni RAM. Kọ́bọ́ọ̀dù ni ibi ìpamọ́ tí àwòrán, fídíò àti àwọn áàpù fúnra wọn ń gbé. Nígbà tí ẹ bá ṣí áàpù kan, fóònù á lọ kó ẹrù rẹ̀ láti inú kọ́bọ́ọ̀dù wá sórí tábìlì, á tú u, á tò ó, iṣẹ́ á sì bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ẹ bá kúrò nínú rẹ̀, fóònù kì í kó o padà lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ kan lórí tábìlì ni yóò sún un sí. Lórí iPhone, kì í pẹ́ tí wọ́n fi ń dá a dúró bí ìgbà tí a bá dá fíìmù dúró láàárín eré. Lórí Android náà, èyí tí a kò fọwọ́ kàn mọ́ á di ohun tí a kàn fi pamọ́ síbẹ̀. Bí ẹ bá tún pè é, kò sí pé à ń wá a. Fífà ni wọn yóò kàn fà á sún mọ́ yín.

Wàyí o, télọ̀ wo ni yóò máa kó sísọ́ọ̀sì, òwú, ṣọ́ọ̀kì àti téèpù padà sínú kọ́bọ́ọ̀dù lẹ́yìn gbogbo aṣọ kan tó bá gé, kí ó tún dìde lọ kó wọn wá fún èyí tó kàn? Ohun tí à ń ṣe nìyẹn nígbà tí a bá gbá WhatsApp dànù, tí a sì tún ṣí i lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún. Fóònù á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí òfo, ìbẹ̀rẹ̀ yẹn ló sì ń jẹ iná ju kí áàpù dákẹ́ síbi tó wà lọ. RAM tó kún àti èyí tó ṣófo, bákan náà ni iná tí wọ́n ń jẹ. Bí áàpù náà bá sì jẹ́ irú èyí tó máa ń kó ìròyìn àti àwòrán tuntun wá nígbàkúùgbà tó bá bẹ̀rẹ̀, dátà yín náà á bá a lọ.

Bí tábìlì bá wá kún ńkọ́? Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ kan wà ní ṣọ́ọ̀bù. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí ó máa wo ohun tí ọ̀gá kò fọwọ́ kàn láti ìgbà pípẹ́, kí ó sì gbé e kúrò nígbà tí àyè bá há. Android ní irú ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bẹ́ẹ̀, iPhone náà ní tirẹ̀, wọn kì í sì í dúró kí a tó rán wọn. Láti ìgbà Android 6 ní 2015 ni ètò tí wọ́n ń pè ní Doze ti wà, tí ó máa ń so iṣẹ́ abẹ́lẹ̀ àwọn áàpù rọ̀ nígbà tí a bá gbé fóònù kalẹ̀ tí a kò fọwọ́ kàn án. Nígbà tí Android 9 dé ní 2018, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ èyí tí a máa ń lò àti èyí tí a kì í sábà lò, kí ó lè mọ bí yóò ṣe fún oníkálukú láyè.

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016, oníbàárà Apple kan kọ lẹ́tà orí íntánẹ́ẹ̀tì sí Tim Cook, ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ náà. Ó bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ máa ń pa àwọn áàpù dé léraléra, àti bóyá ó pọn dandan nítorí bátìrì. Craig Federighi, olórí àwọn tó ń ṣe ètò orí fóònù náà, ló fèsì: rárá sí ìbéèrè kìíní, rárá sí ìkejì. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ sí i, Hiroshi Lockheimer tó ń darí Android ní Google nígbà náà fi kún un pé ó tilẹ̀ lè mú kí nǹkan burú sí i díẹ̀. Àwọn tó kọ́lé ló ń sọ bí òpó ṣe dúró. N kò mọ ẹlòmíràn tí a tún fẹ́ bi.

Ẹ tilẹ̀ lè dán nǹkan kan wò. Ẹ pa fóònù yín pátápátá, ẹ tún tàn án, kí ẹ sì lọ wo ibi tí àwọn áàpù tò sí. Lórí ọ̀pọ̀ fóònù, ẹ óò bá àwòrán wọn níbẹ̀ bí ẹ ṣe fi wọ́n sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ fóònù ṣẹ̀ṣẹ̀ jí ni, púpọ̀ nínú wọn kò sì tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kankan. Ohun tí ẹ ń rí níbẹ̀ kò ju ìtàn ibi tí ẹ ti rìn dé lọ.

Ohun tó mú kí n kọ ọ̀rọ̀ yìí ju bátìrì lọ. Bàbá mi ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin fi áàpù kan sórí fóònù wọn tí yóò máa dún láago méje àárọ̀ àti aago méje alẹ́ láti rán wọn létí oògùn. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, ọkàn wa balẹ̀. Àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi lọ kí wọn, tó ka oògùn inú páálí, tó rí i pé ó ṣẹ́ kù ju bó ṣe yẹ lọ.

“Dádì, ṣé fóònù kò dún ni, sà?”

“Kò dún. Mo rò pé ẹ ti yọ ọ́ kúrò ni.”

“Ta ni yóò yọ ọ́, sà?”

Bàbá mi ronú díẹ̀. “Alaalẹ́ ni mo máa ń gbá inú fóònù náà mọ́ kí n tó sùn. Ẹ̀yin ọmọ yìí náà lẹ kọ́ mi pé kí n máa ṣe bẹ́ẹ̀.”

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Àbúrò mi ló kọ́ wọn. Lórí Android bí Google ṣe ṣe é, gbígbá áàpù sókè nìkan kò tó láti pa aago tó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kan lára àwọn tó ń ṣe fóònù fi òfin tiwọn kún un. Lórí fóònù tiwọn, bọ́tìnnì tí a fi ń gbá gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà dọ́gba pẹ̀lú èyí tí ẹ máa rí nínú Settings tí wọ́n kọ Force stop sí. Áàpù tí a bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún kò lè dún, kò sì lè gba iṣẹ́ tí wọ́n rán sí i, títí ẹnì kan yóò fi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣí i. Irú fóònù bẹ́ẹ̀ ni ti bàbá mi. Bó ṣe rí fún aago oògùn ló ṣe lè rí fún aláṣọ tí oníbàárà kọ ọ̀rọ̀ sí lórí WhatsApp láàárọ̀, tí kò rí i títí di ìrọ̀lẹ́, tí oníbàárà sì ti lọ ra ti ẹlòmíràn.

A gbé aago oògùn náà sínú aago tó bá fóònù wá, èyí tí àwọn tó ṣe fóònù sábà máa ń dá sí. Áàpù náà ńkọ́? A tì í ní àgádágodo. Lórí ọ̀pọ̀ irú fóònù bẹ́ẹ̀, bí ẹ bá tẹ àwòrán áàpù mọ́lẹ̀ níbi tí wọ́n tò sí, àmì àgádágodo á jáde; èyí tí ẹ bá tì kò ní bá àwọn yòókù lọ. A sì tún wọ Settings, níbi tí wọ́n ti ń ṣètò bátìrì fún áàpù kọ̀ọ̀kan, a gbà á láyè kí ó máa ṣiṣẹ́ láìsí ìdíwọ́.

Èyí kò ní kí a má pa áàpù kankan dé láé. Bí ọ̀kan bá takú, tí ẹ ń tẹ̀ ẹ́ tí kò dáhùn, ẹ gbá a dànù. Ohun tí Apple gan-an ní kí a máa torí rẹ̀ pa áàpù dé nìyẹn. Bí ẹ bá ti dé ibi tí ẹ ń lọ, tí Google Maps ṣì ń sọ fún yín pé kí ẹ yà sọ́tùn-ún, ẹ dá a dúró, nítorí òun kò dákẹ́ rárá, ó ń wá ibi tí ẹ wà kiri ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni fún orin àti ìpè oní-fídíò.

Ẹni tí RAM fóònù rẹ̀ kò ju 2GB lọ lè sọ pé tòun yàtọ̀. Lóòótọ́, tábìlì rẹ̀ kéré. Bí ó bá ti WhatsApp bọ́ sídìí kámẹ́rà, ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ lè ti kó WhatsApp kúrò kí ó tó padà dé. Ṣùgbọ́n gbígbá kì í mú tábìlì gbòòrò. Ohun tó ń ran irú fóònù bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ ni kí áàpù orí rẹ̀ dín kù, kí a lo àwọn tó fúyẹ́ bíi Facebook Lite tó ti wà láti 2015, kí a má sì jẹ́ kí fídíò kún ibi ìpamọ́ dé ẹnu. Ní ti RAM àfikún tí àwọn oníṣọ́ọ̀bù ń pè ní 4GB+4GB, apá kan kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní tábìlì. Kò lè yá bíi tábìlì gidi.

Àwọn áàpù onígbàálẹ̀ ló ń bí mi nínú jù. Wọ́n á ní àwọn ti dá àyè báyìí-báyìí sílẹ̀ fún yín, wọ́n á sì fi ìpolówó ọjà tì í. Láìpẹ́, àwọn áàpù tí wọ́n lé jáde á padà wọlé, fóònù á sì tún fi iná ṣíṣe iṣẹ́ tí ó ti ṣe tẹ́lẹ̀. Onígbàálẹ̀ fúnra rẹ̀ kì í sùn.

Bí bátìrì bá ń tètè lọ, ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Níbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá ti rẹlẹ̀, fóònù máa ń sapá gidigidi kí ó tó lè bá òpó sọ̀rọ̀, ìsapá yẹn sì ń jẹ iná. Ẹ wọ Settings, kí ẹ ṣí Battery. Orúkọ àwọn tó ń jẹ iná yóò tò sílẹ̀ níbẹ̀ látorí èyí tó jẹ jù. Nígbà tí mo wo tèmi lọ́sẹ̀ tó kọjá, ojú fóònù ló wà lókè pátápátá, TikTok ló tẹ̀ lé e. Ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún ni mo ti rí WhatsApp.